Ìbò Ìyapa, Iye Tí A Kò Kà àti Ẹni Tí A Jẹ́: Ìbéèrè Tí Wọ́n Ń Bèèrè Jù ní Ògbómọ̀ṣọ́

Láràárọ̀, nídìí àwọn oníwèé ìròyìn ní Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn èèyàn máa ń dúró ka àkọlé, àríyànjiyàn á sì bẹ̀rẹ̀: ṣé kí Yorùbá dá dúró ni, àbí ká wà nínú Nàìjíríà? Ẹnìkan á ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn Yorùbá ló fẹ́ ẹ. Ẹlòmíì á ní kò tó ẹnìkan nínú mẹ́wàá. Kò sí èyí tó kà wọ́n nínú àwọn méjèèjì. A kó àwọn ìbéèrè tó máa ń jáde jù jọ síbí, a sì dáhùn wọn. A kò kọ ọ́ láti ní kí ẹnikẹ́ni fẹ́ ìyapa tàbí kó kọ̀ ọ́. Ohun tó ń dùn wá ni pé iye tí ẹnikẹ́ni kò kà ni à ń fi bá ara wa jà.

Kí ni rẹfurẹ́ńdọ̀ọ̀mù, kí ló sì fi yàtọ̀ sí ìbò gómìnà?

Nínú ìbò gómìnà, èèyàn là ń yàn. Bó bá já wa kulẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin a ó tún pàdé níbùdó ìdìbò. Nínú rẹfurẹ́ńdọ̀ọ̀mù, ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n gbé síwájú ará ìlú, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ sì ni èsì rẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Ìwádìí èrò ará ìlú tún yàtọ̀ sí méjèèjì. Ìyẹn kì í ṣe ìbò rárá: ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ la máa ń bi léèrè ká lè mọ ibi tí ọkàn ọ̀pọ̀ wà, kò sì ní agbára òfin kankan bó ti wù kó péye tó.

Ṣé irú ìbò bẹ́ẹ̀ ti wáyé rí lọ́dọ̀ wa?

Ó ti wáyé, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni kò sì mọ̀. Lọ́jọ́ 13 oṣù Keje 1963, àwọn ará agbègbè Benin àti Delta dìbò láti kúrò lára Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, èyí tí Ògbómọ̀ṣọ́ náà wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe di ẹkùn tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Midwest. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ni olórí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn lásìkò náà. Ìbò yẹn kò mú ẹnikẹ́ni kúrò ní Nàìjíríà. Ìpín inú ilé ni. Àmọ́ ìpínlẹ̀ mẹ́rìndínlógójì tí a ní lónìí, àṣẹ ológun ló gé wọn bí wọ́n ṣe rí: Ọ̀yọ́ ní oṣù Kejì 1976, Ọ̀ṣun yọ lára rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 1991, àwọn tó kẹ́yìn dé ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1996. Kò sí ẹni tó bi ará ìlú.

Èyí tó yẹ ká yẹ̀ wò dáadáa ni ti Kamẹrúùnù, ní oṣù Kejì 1961. Agbègbè méjì tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní láti yàn: ṣé wọ́n á bá Nàìjíríà lọ ni, àbí wọ́n á bá Kamẹrúùnù lọ? Ní apá àríwá, 146,296 yan Nàìjíríà, 97,659 yan Kamẹrúùnù. Ní apá gúúsù, 233,571 yan Kamẹrúùnù, 97,741 yan Nàìjíríà. Ọ̀nà kẹta, pé kí wọ́n dá dúró fúnra wọn, kò sí lórí ìwé ìbò. Ìjà tó wà ní apá tí wọ́n ti ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Kamẹrúùnù títí di òní, ara gbòǹgbò rẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, kí ẹ tó wo iye tó wà nínú èsì ìbò, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí wọn kò jẹ́ kí ará ìlú lè yàn.

Ṣé òfin Nàìjíríà fàyè gba ìbò ìyapa?

Rárá. Abala kejì ìwé òfin 1999 sọ pé orílẹ̀-èdè kan tí kò ṣeé pín, tí kò sì ṣeé tú ká ni Nàìjíríà. Kò sí ibì kankan nínú ìwé òfin náà tó ṣètò bí ẹkùn kan ṣe lè dìbò kúrò. Ẹni tó bá fẹ́ yí abala yẹn padà gbọ́dọ̀ rí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé aṣòfin kọ̀ọ̀kan l'Ábújá, kó sì tún rí àtìlẹ́yìn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36.

Ọ̀pọ̀ máa ń dáhùn pé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti fọwọ́ sí i ní ọdún 2007, nínú ìkéde lórí ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀. Ẹ ka ìkéde náà dé abala 46: ó ní ohunkóhun tó wà nínú rẹ̀ kò fàṣẹ sí pípín orílẹ̀-èdè tó ti wà. Nàìjíríà náà kò sì dìbò fún un lọ́jọ́ yẹn. Ńṣe ló fà sẹ́yìn. Abala 20 nínú àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Áfíríkà náà sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn láti pinnu ọ̀rọ̀ ara wọn, ó sì ti wọ òfin Nàìjíríà láti 1983. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ará Katanga, ẹkùn kan ní Zaire (Kóńgò òde òní), gbé ẹjọ́ Zaire lọ síwájú àjọ tó ń bójú tó àdéhùn náà, èsì tó jáde ní 1995 kò fún wọn ní ìyapa: wọ́n ní ẹ̀tọ́ yẹn lè jẹ́ ìjọba àbẹ́lé tàbí ìjọba àpapọ̀ tó fún ẹkùn lágbára.

Ìpínlẹ̀ tuntun ńkọ́? Ṣé ìyẹn náà nílò ìbò?

Ó nílò rẹ̀, èyí sì ni ìbò tó súnmọ́ wa jù. Abala kẹjọ ló to ìgbésẹ̀ rẹ̀. Àkọ́kọ́, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó ń ṣojú agbègbè náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìbéèrè: àwọn sẹ́nétọ̀ rẹ̀, àwọn aṣojú-ṣòfin rẹ̀, àwọn tó wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, àti àwọn kánsẹ́lọ̀. Fún ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́, ìyẹn kan ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún: Àríwá àti Gúúsù Ògbómọ̀ṣọ́, Oríire, Ògo-Olúwa àti Súrùlérè. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìbò ará ìlú, níbi tí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbọ́dọ̀ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́dọ̀ kọjá níwájú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìpínlẹ̀ Nàìjíríà, nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn. Ìgbẹ̀yìn ni ìdá méjì nínú mẹ́ta nílé aṣòfin méjèèjì l'Ábújá. Láti 1999 tí òfin yìí ti wà, kò tíì sí ìpínlẹ̀ kan tó gba ibẹ̀ kọjá. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀, nítorí ìwé ẹ̀bẹ̀ àwọn lọ́balọ́ba àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kò lè rọ́pò ọwọ́ àwọn aṣojú tí òfin dárúkọ.

Kí ló dé tí wọ́n fi máa ń fi Skọ́tílándì ṣe àpẹẹrẹ?

Nítorí pé ìjọba méjèèjì fọwọ́ sí i kí wọ́n tó dìbò. Ní oṣù Kẹwàá 2012, David Cameron tó jẹ́ olórí ìjọba Bìrìtéènì àti Alex Salmond tó jẹ́ ti Skọ́tílándì tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní Edinburgh, ìbò lórí bóyá Skọ́tílándì á kúrò lára Bìrìtéènì sì wáyé lọ́jọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án 2014. Ẹni ọdún 16 láǹfààní láti dìbò. Ìdá 84.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ló jáde. 2,001,926 sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, 1,617,989 sọ pé bẹ́ẹ̀ ni: 55.3 sí 44.7.

Ẹ wo ìbéèrè náà fúnra rẹ̀. Ohun tí ìjọba Skọ́tílándì kọ́kọ́ fẹ́ bèèrè ni: ṣé ẹ gbà pé kí Skọ́tílándì di orílẹ̀-èdè olómìnira? Àjọ elétò ìdìbò yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní "ṣé ẹ gbà pé" ń ti èèyàn síbi bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, àmọ́ irú rẹ̀ lè yí èsì padà.

Ìwádìí èrò tí wọ́n ṣe kí ìbò tó dé náà ní ẹ̀kọ́ nínú. Ní nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá sí ìbò, ìwádìí kan gbé bẹ́ẹ̀ ni sí 51. Àwọn tó kẹ́yìn ní bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò fi bíi mẹ́rin sí mẹ́fà borí. Mẹ́wàá àti díẹ̀ ló fi borí. Àwọn tí wọn kò tíì pinnu kò pín sọ́gbọọgba bí a ti sábà máa ń rò.

Ní oṣù Kọkànlá 2022, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Bìrìtéènì ní ilé aṣòfin Skọ́tílándì kò lè dá ìbò mìíràn pè láìsí àṣẹ láti Lọ́ńdọ̀nù.

Bí ìbò bá wáyé láìsí àdéhùn, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀?

Catalonia ní Sípéènì ni kí ẹ wò. Ilé ẹjọ́ ti dá ìbò ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 2017 dúró, ìjọba Catalonia ṣì dì í. Nǹkan bí ìdá 90 nínú àwọn tó dìbò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n nǹkan bí 43 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló jáde, nítorí ọ̀pọ̀ tó kọ̀ ọ́ jókòó sílé. Ẹ ṣírò rẹ̀: 90 nínú 43 kò pé 39 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Ẹni tó bá sọ 90 fún yín láìsọ 43, ìlàjì ọ̀rọ̀ ló sọ. Ìjọba Sípéènì ní Mádíríìdì sì gba àkóso agbègbè náà lọ́wọ́ wọn fún ìgbà kan.

Ti Gúúsù Sudan yàtọ̀. Àdéhùn àlàáfíà 2005 ló bí ìbò oṣù Kìíní 2011, ìdá 98.83 sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n sì gba òmìnira lọ́jọ́ 9 oṣù Keje ọdún náà. Ní oṣù Kejìlá 2013, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn.

Ìdá mélòó ló yẹ kó tó?

Ibi tí òfin bá fà á sí ni. Quebec ní Kánádà, ní 1995, ìdajì àti díẹ̀ ló jẹ́: bẹ́ẹ̀ kọ́ fi 50.58 borí, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò sì ju ìbò 54,288 lọ. Montenegro ní Yúróòpù, ní 2006, gbọ́dọ̀ dé 55, ó sì dé 55.5. Skọ́tílándì 1979, nígbà tí ọ̀rọ̀ jẹ́ ti ilé aṣòfin tiwọn, 51.6 sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, síbẹ̀ wọ́n kùnà, nítorí òfin ní kí ó jẹ́ ìdá 40 nínú gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀, 32.9 ni wọ́n ní. Kí wọ́n tó dìbò ló yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ iye tí wọ́n ń wá. Bí wọ́n bá mú un jáde lẹ́yìn ìbò, ẹni tó bá fìdí rẹmi kò ní gbà láéláé.

Bí mo bá ka ara mi sí Yorùbá ju ọmọ Nàìjíríà lọ, ṣé ìyapa ni mo fẹ́ nìyẹn?

Kò rí bẹ́ẹ̀, ibí yìí ni àṣìṣe sì pọ̀ sí jù. Ní Skọ́tílándì àti Sípéènì, ìbéèrè kan wà tí wọ́n ń fi orúkọ onímọ̀ Luis Moreno pè, ìdáhùn márùn-ún ló ní: tibí nìkan ni mí, mo jẹ́ tibí ju ti orílẹ̀-èdè lọ, méjèèjì dọ́gba, mo jẹ́ ti orílẹ̀-èdè ju tibí lọ, ti orílẹ̀-èdè nìkan ni mí. Afrobarometer, àjọ tó ń ṣe ìwádìí èrò káàkiri Áfíríkà, náà ń bi àwọn ọmọ Nàìjíríà ní irú rẹ̀, nípa ẹ̀yà àti orílẹ̀-èdè. Ní Skọ́tílándì, ọ̀pọ̀ tó ní àwọn jẹ́ ará Skọ́tílándì ju ará Bìrìtéènì lọ ló dìbò bẹ́ẹ̀ kọ́, nítorí owó tí wọ́n á máa ná, owó ìfẹ̀yìntì, àti iṣẹ́.

Lọ́dọ̀ wa, ìpele ẹni tí a jẹ́ ju méjì lọ. Ẹ bi ẹnìkan ní Arówómọlé pé ọmọ ibo ni: agboolé rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dá, lẹ́yìn náà ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, lẹ́yìn náà Ọ̀yọ́, kó tó kan Yorùbá. Ọ̀rọ̀ náà "Ọ̀yọ́" fúnra rẹ̀ ní ìtumọ̀ mẹ́ta: ìlú Aláàfin, ìpínlẹ̀ tí olú-ìlú rẹ̀ wà n'Íbàdàn, àti àwọn tó ń sọ ẹ̀ka èdè Ọ̀yọ́, tí àwọn kan nínú wọn wà ní Ọ̀ṣun àti Kwara. Bí ẹ bá bi èèyàn pé "ṣé ọmọ Ọ̀yọ́ ni ẹ́?" láìsọ èwo, ìdáhùn mẹ́ta lẹ kó pọ̀ sínú àpò kan.

Ẹni tí a jẹ́ sì máa ń yí bí ibi tí a wà bá ṣe yí. Àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ ní Gánà, ọ̀pọ̀ sì ti bí ọmọ sí i níbẹ̀. Lọ́jọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia, tó ń ṣàkóso Gánà nígbà náà, ní kí àjèjì tí kò níwèé jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìwé tó sọ pé ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n, tí ọ̀pọ̀ kò ronú nípa rẹ̀ rí, ni wọ́n wá ń wá kiri lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá ń ṣe ìwádìí, ẹ bèèrè ìbéèrè ẹni-tí-a-jẹ́ lọ́tọ̀, kí ẹ bèèrè ti ìbò lọ́tọ̀; ẹ má fi ọ̀kan dáhùn èkejì.

Kí ló lè bàjẹ́ bí a bá bèèrè ìbéèrè náà ní èdè Yorùbá?

Ọ̀rọ̀ pọ̀ níbí. Ẹ mú "òmìnira". Ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹrú tó gba ara rẹ̀ ń lò, òun náà là ń lò fún ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1960. "Ṣé ẹ fẹ́ òmìnira?" kò ní ẹni tó máa kọ̀ ọ́. "Ìyapa" ní tirẹ̀ ń rùn ìjà. Ẹni tó ya kúrò lára ẹbí kì í gbórúkọ rere. "Dá dúró" wà láàárín, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ ọmọ tó ti ń bọ́ ara rẹ̀.

Èyí tó le jù ni "orílẹ̀-èdè". Nínú rẹ̀, "orílẹ̀" ni ìpìlẹ̀ ìdílé, ibi tí a ti ṣẹ̀ wá. Nígbà tí ẹnìkan bá ní "mo fara mọ́ orílẹ̀-èdè Yorùbá", ó lè túmọ̀ sí pé Yorùbá jẹ́ ìran kan tó yẹ kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún. Ó sì lè túmọ̀ sí ìjọba tó ní ológun, owó àti ìwé ìrìnnà tirẹ̀. Àwọn méjèèjì á dáhùn bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀nà tó dára ni pé kí ẹ ṣàpèjúwe dípò kí ẹ dárúkọ: "Nínú nǹkan mẹ́ta yìí, èwo lẹ fẹ́ jù? Kí ilẹ̀ Yorùbá wà nínú Nàìjíríà bó ṣe wà báyìí. Kó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kó ní ọlọ́pàá tirẹ̀ kó sì máa ṣàkóso owó tirẹ̀. Tàbí kó kúrò, kó ní ìjọba àti owó tirẹ̀ pátápátá?" Ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ tí à ń kà mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan tàbí èkejì, àárín ni wọ́n fẹ́ jókòó sí.

Ìtòtẹ̀léra náà ṣe kókó. Bí ẹ bá kọ́kọ́ bèèrè nípa ìjínigbé lójú ọ̀nà oko ní Oríire, tí ẹ wá bèèrè nípa ìyapa lẹ́yìn rẹ̀, ìbínú ni yóò dáhùn. Ẹ fi ti ààbò sẹ́yìn.

Èèyàn mélòó ni a ó bi kí iye tó jáde tó ṣeé gbára lé?

Bí ẹ bá yan èèyàn láìṣojúsàájú, 400 máa ń fúnni ní àlàfo bíi 5 sókè tàbí 5 sísàlẹ̀, ìyẹn ni pé èsì náà lè fi tó 5 nínú ọgọ́rùn-ún jìnnà sí òtítọ́. 1,000 ń fúnni ní 3. 1,600 ń fúnni ní 2.5. Kí àlàfo náà tó dín sí ìdajì, iye èèyàn gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, bí 400 bá gbé 52 jáde, kò sí ẹni tó lè sọ pé ẹ̀gbẹ́ yẹn ló ń borí. Bíbi 400 èèyàn ní ọjà Jàgún nìkan kò sì já mọ́ nǹkan kan. Ọjà Jàgún lẹ gbọ́, ẹ kò gbọ́ Ògbómọ̀ṣọ́.

Báwo la ṣe lè ṣe é dáadáa ní ìlú yìí?

Ẹ pín 400 sí ibi 50, kí ibì kọ̀ọ̀kan ní èèyàn mẹ́jọ. Ẹ ṣẹ́ kèké mú àwọn ibi náà káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ márààrún gẹ́gẹ́ bí èèyàn ṣe pọ̀ sí nínú wọn, kí àwọn abúlé tó yí Ìkòyí-Ilé àti Ajáàwà ká má baà di ohun tí a gbàgbé. Ní ibì kọ̀ọ̀kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí kànga ẹ̀rọ, ẹ yà sí ojú ọ̀nà kan, kí ẹ máa ka ilé: ìkẹwàá ni kí ẹ wọ̀. Bí ilé kan bá ti kọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó kọ̀, kí ẹ lọ sí èyí tó tẹ̀ lé e.

Nínú agboolé, ìṣòro ni pé baálé ló máa fẹ́ dáhùn fún gbogbo ilé. Ẹ kí i dáadáa, ẹ gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá kọ nọ́ńbà fún gbogbo ẹni tó ti pé ọdún 18 nínú ìdílé tí ẹ bá, kí ẹ jẹ́ kí ẹnìkan mú káàdì kan. Ẹni tí káàdì bá mú nìkan ni kí ẹ bi, níkọ̀kọ̀. Bí ó bá jẹ́ àwọn ọkùnrin nìkan lẹ kọ nọ́ńbà fún nínú ilé kan, àwọn obìnrin nìkan ni kó jẹ́ nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Kí obìnrin máa bi obìnrin. Ọmọdé tó bá ń bi àgbà léèrè gbọ́dọ̀ ṣọ́ra: àgbà lè fi ìdáhùn tó máa dùn mọ́ àlejò sìn ín lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dọ́ kò ní já àgbà tó ń bi í nírọ́. Ẹ má wọ fìlà tàbí aṣọ ẹgbẹ́ kankan, ẹ má sì gba orúkọ tàbí nọ́ńbà fóònù.

Àkókò náà ń yí èsì. Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, àgbẹ̀ ti lọ sóko; ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ. Bí yunifásítì LAUTECH bá wà ní sáà, adúgbò Under G á kún fún ọmọ ìlú mìíràn, kí ẹ sì ti pinnu ṣáájú bóyá ẹ ó kà wọ́n. Àwọn Hausa ní Sábó, àwọn Fúlàní, àwọn àgbàṣe láti Benue tó ń gbé oko Oríire, ará ibẹ̀ ni wọ́n. Ẹ wá ẹni tó gbọ́ èdè wọn.

Bí obìnrin bá jẹ́ 35 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ẹ bi, nígbà tí ó yẹ kí wọ́n jẹ́ 50, ẹ fi 1.43 (ìyẹn 50 tí a fi 35 pín) ṣe ìlọ́po ìdáhùn obìnrin kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi 0.77 (50 tí a fi 65 pín) ṣe ti ọkùnrin. Kí gbogbo èyí tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi èèyàn 20 dán ìbéèrè wò. Ìbéèrè tí èèyàn mẹ́ta bá ní kí ẹ tún sọ, ẹ tún un kọ.

Ìbò tí wọ́n ń dì lórí WhatsApp àti Facebook ńkọ́?

Ẹ má kà á. Ẹni tó bínú jù ló ń fi ránṣẹ́ jù, ẹnìkan lè dìbò lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹni tí kò ní dátà kò sí níbẹ̀. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ìdáhùn kò tún un ṣe.

Àwọn tó ní "n kò mọ̀" ńkọ́?

Ká fi ṣe àpẹẹrẹ: 44 ní bẹ́ẹ̀ ni, 36 ní bẹ́ẹ̀ kọ́, 20 ní àwọn kò mọ̀. Oníròyìn kan á yọ 20 náà dànù, á kọ ọ́ pé "55 fara mọ́ ọn". Irọ́ kọ́, àmọ́ ó ti fi ìdá kan nínú márùn-ún àwọn èèyàn pamọ́. Ní ìlú tí ẹ̀rù òṣèlú wà, "n kò mọ̀" sábà máa ń jẹ́ "n kò fẹ́ sọ". Ẹ tẹ iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde.

Ta ló máa dìbò: ọmọ bíbí ni àbí ẹni tó ń gbé ibẹ̀?

Skọ́tílándì lo ibùgbé: ará Skọ́tílándì tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù kò dìbò, ará Póláńdì tó ń gbé Glasgow dì í. Bí a bá lo ìlànà yẹn, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Jos kò ní dìbò, ẹni tó wá láti Nsukka tó ń ta pààtì ọkọ̀ nítòsí gáréèjì Ìlọrin yóò dì í. Bí a bá lo ọmọ bíbí, ta ni yóò jẹ́rìí síni? Káàdì ìdìbò kò kọ ìlú ìyá àti bàbá sára. Àríyànjiyàn yìí gbọ́dọ̀ parí kí wọ́n tó tẹ ìwé ìbò kan ṣoṣo.

Níbo ni ààlà máa gbà?

Ìbéèrè tí ìwé ìròyìn kì í bèèrè nìyí, Ògbómọ̀ṣọ́ sì ni ó kàn jù. Bí ilẹ̀ tí wọ́n ń sọ bá jẹ́ ìpínlẹ̀ mẹ́fà tó wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn nìkan, Kwara wà ní òdìkejì, Oríire á sì di ìjọba ìbílẹ̀ ẹnu ibodè. Ìlọrin kò ju wákàtí kan lọ sí wa, èdè Yorùbá ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n Ẹ́míà ni ọba wọn. Ọ̀fà àti àwọn Ìgbómìnà inú Kwara náà ń wo ibi tí ìlà á gbà. Ní Quebec, ọjọ́ díẹ̀ sí ìbò 1995, àwọn ẹ̀yà Cree, ọmọ onílẹ̀ tó ni ilẹ̀ àríwá Quebec, di ìbò tiwọn lọ́tọ̀, ìdá 96 sì ní àwọn kò ní bá Quebec kúrò ní Kánádà. Ìbéèrè tó wá dìde ni pé bí Kánádà bá ṣeé pín, ṣé Quebec kò ṣeé pín ni? Wọn kò rí i dáhùn kí ọjọ́ ìbò tó pé.

Ní Áfíríkà, àwọn olórí ìjọba fẹnu kò ní Cairo ní oṣù Keje 1964 pé ààlà tí òyìnbó fi sílẹ̀ làwọn yóò máa tẹ̀ lé. Ààlà Ọ̀yọ́ àti Kwara kò sí lára ìyẹn, nítorí ààlà inú ilé ni. Ẹni tó bá ní kí ìwádìí èrò wáyé lórí ìyapa gbọ́dọ̀ mú máàpù dání, kó tẹ́ ẹ síwájú ẹni tó ń bi, kó sì béèrè ibi tí onítọ̀hún rò pé ìlà náà á gbà. Fún oníṣòwò tó ń ná ọjà Ìlọrin, tó sì ń sùn ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìdáhùn ìbéèrè yẹn ni yóò sọ bóyá bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni yóò tẹ̀.